Mo dín ara kù, ó tún padà dé: kí lẹ ṣe tí tiyín fi dúró?

Ajíyọ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n jẹun níwọ̀n kí n sì máa rìn. Etí mi ti kún fún ìyẹn. Mo ti dín sanra kù rí. Aṣọ tí mo ti kó sí ìsàlẹ̀ àpótí tún gbà mí, àwọn èèyàn sì ń kí mi kú oríire. Àfi bí mo ṣe tú ara sílẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọ́ padà, ó tún lé èlé lórí. Ẹ̀yin tí tiyín lọ tí kò sì padà mọ́, kí lẹ ń ṣe lójoojúmọ́? Orí ìjókòó ni iṣẹ́ mi, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó délé, ebi á sì ti máa pa mí bí ẹni máa kú. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru díẹ̀díẹ̀, dókítà ti kọ oògùn fún mi, ó sì ní kí n wá nǹkan ṣe sí ara yìí.

Arìnkiri:

Ẹ kú ìfaradà o. Kí n kọ́kọ́ bi yín: báwo lẹ ṣe dín in kù nígbà náà? Bó bá jẹ́ pé ẹ febi pa ara yín ni, tàbí pé omi èso nìkan lẹ ń mu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí bí kò ṣe ní padà, torí kò sẹ́ni tó lè máa fi omi èso nìkan gbé ayé. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ohun tí mi ò bá lè máa ṣe fún ọdún márùn-ún sí i, mi ò ní dáwọ́ lé e lónìí.

Torí náà, mi ò pa oúnjẹ kankan tì. Abọ́ ni mo tún tò. Ẹ̀fọ́ gba ìdajì, ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tàbí ọ̀dùnkún gba ìyókù. Mi ò wọn nǹkan kan, ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bí mo bá tún fẹ́ bù sí i, ẹ̀fọ́ ni mo máa ń bù.

Bí ẹ bá ń mu ẹlẹ́rìndòdò, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan abọ́ rárá. Agolo kan tó gba mílílítà 330 sábà máa ń ní ṣúgà tó sún mọ́ gíráàmù 35. Ẹ ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ebi kò sì ní gbọ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan. Omi èso inú páálí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, ó sàn kí ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀. Ọtí ńkọ́? Gíráàmù kan nínú ògidì ọtí ní kálórì 7 (kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Ti ṣúgà jẹ́ 4, ti ọ̀rá jẹ́ 9, ẹ wá wo ibi tí ọtí wà láàárín wọn.

Ẹ má sì sáré. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan ara rẹ̀ ń bá ọ̀rá lọ, òkúta sì lè wọ inú àpò òróòro.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Arìnkiri ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ìdí tó fi ń padà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ti gbà pé ọ̀lẹ làwọn, pé ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Irọ́ ni.

Ọ̀rá ara kì í dákẹ́ síbi tó wà. Ó ń tú họ́mónù kan jáde tó ń jẹ́ leptin, ọdún 1994 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Bí ọ̀rá bá ti dín kù, leptin á já wálẹ̀, ọpọlọ á sì rò pé ìyàn ti mú. Lákòókò kan náà, ghrelin tó ń ti inú ikùn wá, tó ń jẹ́ kí ebi pani, á gòkè. Ní 2011, àwọn oníwádìí ní Ọsirélíà tẹ̀ lé àwọn kan tó sanra tí wọ́n fi oúnjẹ tó kéré gan-an dín ara kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn họ́mónù náà kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà, ebi ṣì ń pa àwọn èèyàn náà ju bó ṣe ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwádìí mìíràn jáde ní 2016. Àwọn èèyàn 14 tó díje nínú ètò ìdínra kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ni wọ́n padà lọ bá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n dín kù ti padà. Ṣùgbọ́n ohun tó ya àwọn dókítà lẹ́nu ni pé, bí ara náà ṣe tún tóbi tó yẹn, ohun tó ń sun lójúmọ́ ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 dín sí ti ẹlòmíràn tí wọ́n jọ tóbi bákan náà.

Àbí ẹ rí i báyìí? Nígbà tí ẹ bá dé ìwọ̀n tí ẹ ń lé, tí gbogbo èèyàn ń yìn yín, ìgbà yẹn gan-an ni ara ń wá gbogbo ọ̀nà láti gba ọ̀rá rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa dín kù, wọn kì í ṣètò kankan fún oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti kílò 100 wá sí 85 kò tún lè máa jẹ oúnjẹ ẹni kílò 100, àní bí họ́mónù kankan kò tilẹ̀ dá sí i.

Kí ló wá ń ràn wá lọ́wọ́? Iṣan ara. Bí ẹ bá ń dín kù, ẹ má jẹ́ kí iṣan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ẹ ṣe ohun tó le fún iṣan: ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ tún un ṣe títí itan á fi máa gbóná, ẹ na ọwọ́ mọ́ ògiri kí ẹ máa ti ara yín sẹ́yìn, ẹ gbé ìgò omi. Kò dìgbà tí ẹ bá sanwó ibi ìdárayá. Kí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sì ní púrótéènì nínú, ìyẹn ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà, torí òun ló ń jẹ́ kí inú dúró pẹ́.

Oorun náà ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 mú àwọn tó sanra díẹ̀ tí oorun wọn kì í tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi nǹkan bíi wákàtí kan lé e. Wọn ò sọ fún wọn pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù o. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ fi nǹkan bíi kálórì 270 dín lójúmọ́ sí ti àwọn tó ń sùn bí wọ́n ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀. Ajíyọ̀, aago mélòó lẹ ń sùn?

Ohun kan tó kù: ẹ má fi ojú ìgbà ọ̀dọ́ wo ibi tí ẹ fẹ́ dé. Bí ẹ bá wọn kílò 100, kílò 5 sí 10 tó bá lọ tí kò sì padà ti ń ṣe oore fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, kó àwọn tó lé ní 3,000 jọ tí àtọ̀gbẹ ti ń rọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí wọn. Àfojúsùn àwọn tó yí ìgbé ayé wọn padà ni kí wọ́n dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa ṣe ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún. Ìdá méje péré o.

Ewé Ń Jẹ́:

Kí ni gbogbo ìwé gígùn yìí? Tíì adínra wà nílẹ̀. Ife kan lálẹ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ikùn á ti wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kó kàn sí mi níkọ̀kọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ má bínú, mi ò ní jẹ́ kí èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìfun kékeré ló ń fa kálórì inú oúnjẹ sínú ara, ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni oògùn ìyàgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó débẹ̀, ara ti gba tirẹ̀ tán. Ìgbẹ́ àti omi ló ń jáde, òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀, ẹ ó mu omi, á padà. Ohun tó ń bá omi yẹn lọ ni potassium, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì nílò rẹ̀ kó tó lè lù déédéé. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, kó má tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Olóṣùwọ̀n:

Orúkọ mi ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ra òṣùwọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1994, àwọn oníwádìí ti ń kọ orúkọ àwọn tó dín ó kéré tán kílò 13.6 kù, tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán. Wọ́n ti lé ní 10,000. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń ṣe ìdárayá, nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ bí a bá pín in dọ́gba. Ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ni o, torí náà kò túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n ló dín ara wọn kù. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó ń wo nǹkan ni nǹkan rẹ̀ kì í sọ nù.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ilẹ̀ líle ni òṣùwọ̀n mi wà, torí orí rọ́ọ̀gì ló ti ń purọ́. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀, kí n tó mu omi, màá gùn ún, màá fi gègé kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tí mo lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí aṣọ. Ojúmọ́ kan kò já mọ́ nǹkan kan. Iyọ̀ tí ẹ jẹ lálẹ́ ń mú omi dúró sára, nǹkan oṣù obìnrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kílò kan sí méjì lè wá kó tún lọ láìjẹ́ pé ọ̀rá kankan yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ kí n tó pín in. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí kílò méjì lókè ibi tí mo fẹ́ wà. Bí ti ọ̀sẹ̀ bá kọjá ìlà pupa, ìpápánu dópin lọ́jọ́ náà, mo sì padà sí bí mo ṣe ń jẹun nígbà tí mo ń dín kù, títí á fi wálẹ̀. Kílò méjì kì í ni èèyàn lára. Ìgbà tó bá di mẹ́wàá ni ọkàn èèyàn ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹni tí òṣùwọ̀n bá ń kó ìdààmú bá, kó fi téèpù wọn ìbàdí. Kó má ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà àti ìlà pupa. Ta ló ń sè é? Ta ló ń pa àjẹkù ọmọ jẹ?

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣíbí ìmubẹ̀ kan òróró, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ní nǹkan bíi kálórì 120. Ẹni tó ń da òróró látẹnu ìgò kò lè mọ̀ bóyá ṣíbí méjì ló dà tàbí mẹ́fà. Mo fi ṣíbí sínú abọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, òróró kankan kì í wọ ìkòkò láìgba orí rẹ̀ kọjá. Ọbẹ̀ náà ṣì ń dùn. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀.

Àjẹkù: inú abọ́ onídèérí ló ń lọ kí n tó jókòó, kì í ṣe ẹnu mi. Bisikíìtì àti nǹkan dídùn wà nínú ilé, mi ò lè sọ pé kí ọmọ má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òkè pátápátá níbi tí mo gbọ́dọ̀ gun àga ló wà. Ohun tó wà lórí tábìlì ni èso. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìyẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìpápánu ju gbogbo ìpinnu tí mo ń ṣe lọ.

Oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe tán, tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ kíyè sí i. Ní 2019, wọ́n fi àwọn èèyàn 20 sínú ilé ìwòsàn ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún wọn ní irú oúnjẹ yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí wọ́n jẹ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba. Síbẹ̀, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n jẹ jù, kálórì 500 lé lójúmọ́.

Àgbà Awakọ̀:

Àbúrò mi Ajíyọ̀, ìjókòó ni iṣẹ́ tèmi náà, mo sì lè bú ìjókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Má wá wákàtí kan gbáko, o ò ní rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mẹ́wàá nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mẹ́wàá lálẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ti sọ láti 2020 pé kò dìgbà tó bá gùn kó tó wúlò. Rìn débi tí o ti lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o ò lè kọrin.

Ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ aka-ìṣísẹ̀ ní Jàpáànù ló fi polówó ọjà rẹ̀ ní 1965. Má jẹ́ kó yọ ọ́ lẹ́nu. Mọ iye tí o ń rìn báyìí, fi díẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n má rò pé ìrìn lè san gbèsè ẹnu o. Ìrìn ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, bisikíìtì mélòó kan ti jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ ló ń dín in kù, ìrìn ló ń dá a dúró.

Aláàwẹ̀:

Kò sẹ́ni tó dárúkọ kéèyàn má jẹun àárọ̀. Aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń jẹun, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Arìnkiri:

Tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ máa ṣe é. Ẹlòmíràn á ṣe é, á sì fi wákàtí mẹ́jọ jẹ oúnjẹ ọjọ́ méjì. Bó ṣe rí fún àríyànjiyàn ìrẹsì àti ọ̀rá náà nìyẹn. Yunifásítì Stanford pín èèyàn 609 sí méjì, àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn kan dín ìrẹsì àti búrẹ́dì àti irú wọn kù. Wọ́n gbé èsì jáde ní 2018: lẹ́yìn ọdún kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Èyí tí ẹ bá lè máa bá lọ ni kí ẹ mú.

Ajíyọ̀:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kú làálàá. Àǹtí nọ́ọ̀sì, aago kan òru ni mo ń sùn, fóònù ni. Bàbá Awakọ̀, mo gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan méjì. Àwọn abẹ́rẹ́ ìdínra tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹnì kejì mi kì í fẹ́ gbọ́ pé mo ti yó. Bí mi ò bá jẹ tán, ó di ìjà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Nínú ìwádìí semaglutide, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ náà, tó jáde ní 2021, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 dín nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, wọ́n sì ń ṣọ́ oúnjẹ wọn pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe máa pẹ́ tó, kì í ṣe nípa bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìkan. Èébì àti inú rírun wọ́pọ̀. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, ayédèrú rẹ̀ ti wà níta.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ti ẹnì kejì yín, ẹ má dúró dìgbà tí abọ́ bá ti dé iwájú yín. Ẹ wọ ilé ìdáná kí ẹ fọwọ́ ara yín bù ú. Ohun tí ẹ bù fúnra yín lẹ lè jẹ tán, ìjà á parí. Ebi alẹ́ yẹn náà ní ìdí: kí lẹ ń jẹ lọ́sàn-án? Ẹ fi ẹyin bíbọ̀ méjì tàbí ẹ̀wà díẹ̀ sínú àpò ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ebi kò pa délé kì í gbé ìkòkò sórí itan.

Ajíyọ̀:

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Màá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹlẹ́rìndòdò àti fóònù òru, kí n tó dé ibi ìdárayá orí àga.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ èyí. Bí ara bá ti ń lọ sílẹ̀, oògùn tó bá yín mu tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù. Bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde, tàbí tí ọwọ́ ń gbọ̀n tí òógùn ń bò yín láìsí ìdí, ẹ lọ rí dókítà kó wo ìwọ̀n oògùn náà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé oúnjẹ pọ̀ sí i, kí wọ́n yẹ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn rẹ̀ wò, kó sì mú gbogbo oògùn tó ń lò dání lọ, torí sìtẹ́rọ́ìdì, ínsúlìn àti àwọn oògùn ọpọlọ kan wà lára ohun tó ń fi kún ara.